Ìkòkò Méje, àti Ẹni Tó Fọ́ Wọn

Ìkòkò méje ni. Kì í ṣe "ìkòkò mélòó kan" bí Bàbá Bùráímọ̀ ṣe sọ ọ́ níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà mi, níwájú àwọn ààfáà àti gbogbo ará Bẹ́yẹrúnkà tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Mẹ́rin nínú wọn tóbi débi pé bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá dúró sínú wọn, orí rẹ̀ nìkan la máa rí. Mẹ́ta yòókù kéré díẹ̀. Màmá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni màmá mi lọ́jọ́ tí wọ́n fojú ara wọn rí Bàbá Bùráímọ̀ tó ń fọ́ ìkòkò náà.

N kò kọ ìwé yìí láti sunkún. Mo ti sunkún, ó ti tó. Ìyá àgbà mi, Rábíátù Àṣàkẹ́, dàgbà kí wọ́n tó lọ; wọ́n rí ọmọ, wọ́n rí ọmọ ọmọ, wọ́n rí ọmọ tí èmi náà bí. Ohun tó kù ni kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, kí n sì sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí pé lọ́jọ́ kẹjọ yẹn, ẹni tó ṣe wọ́n níkà gba máìkì lọ́wọ́ ààfáà, ó fi ọwọ́ kejì di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má gbàgbé o. Bí mi ò bá fọ́ ìkòkò mélòó kan nígbà náà, ṣé ìyá yìí ì bá di Ìyá Ọlọ́ṣẹ? Ọlọ́run ló lò mí fún un."

Àwọn èèyàn ṣe àmín. Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ààfáà gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó fi ṣe wáàsí pé bí ọ̀nà kan bá dí, Ọlọ́run a la òmíràn.

Rúkáyà, ọmọ mi kékeré, fà mí láṣọ. "Mọ́mì, ṣé bàbá yẹn ló ran Ìyá Àgbà lọ́wọ́?"

Mo ní kó jẹ́ ká délé ná. Irú ìyá tí mo jẹ́ ni pé mo máa ń ka orí àwọn ọmọ mi kí n tó ti ilẹ̀kùn, mo sì máa ń gbóòórùn omi kí wọ́n tó mu ún. N kò lè jẹ́ kí irọ́ tó tó báyìí wọlé sí wọn létí, kó sì di ìtàn tí àwọn náà á máa sọ fún ọmọ tiwọn.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè mọ̀: àbúrò ọkọ ìyá àgbà mi ni Bàbá Bùráímọ̀. Níwájú rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀, mo sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá máa pè é.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyá àgbà mi, ọwọ́ wọn ni kó kọ́kọ́ wò. Aláró ni wọ́n kí wọ́n tó di ọlọ́ṣẹ. Aró ti wọ inú èékánná wọn àti gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó dúdú títí dé ìgúnpá. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń sè fọ ìdọ̀tí lára gbogbo ará Ọjà'ba, ṣùgbọ́n kò fọ aró kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń sè é. Nígbà tí a wà ní kékeré, èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò máa ń fi kànìnkànìn ha ọwọ́ náà, a rò pé oore là ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fa ọwọ́ wọn gbà, wọ́n ní:

"Ẹ fi sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí mi ni."

Ìwà wọn kan wà tó máa ń gbé ọkàn mi sókè. Omi eérú ni wọ́n fi ń rẹ aró, òun náà ni wọ́n fi ń se ọṣẹ. Wọ́n á da eérú sínú ìkòkò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀, wọ́n á gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á máa bu omi sí i lókè. Èyí tó bá ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ni omi eérú. Ó mọ́ bí omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó lè bó awọ. Láti mọ̀ bóyá ó ti le tó, ìyá àgbà mi á ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kan ahọ́n. Ojoojúmọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo tilẹ̀ gbé ìkòkò náà lọ sẹ́yìn ilé kí àwọn ọmọ mi má bàa wò wọ́n kọ́ ọ.

"Ìyá Àgbà, ẹ máa bó ahọ́n yín o!"

Wọ́n tutọ́ sílẹ̀, wọ́n wò mí. "Ahọ́n tí mo ti fi ń bú Bùráímọ̀ láti ọjọ́ yìí, ṣé omi eérú ló máa wá bó o?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń sọ lẹ́yìn wọn pé "Ìyá onísùúrù" dákẹ́. Ìyá àgbà mi kì í gbàgbé. Lẹ́yìn ìrun Àsùbá, bí wọ́n bá ti fi tẹ̀sùbáà ṣe tàsíbíhì tán, wọ́n á tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Ìkejì yìí kì í ṣe fún orúkọ Ọlọ́run. Orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ wọ́n ni. Bí mo ṣe ń dàgbà ni orúkọ náà ń dín kù. Obìnrin kan tó ta àdín olómi fún wọn bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n yọ ọ́. Ọkùnrin kan tó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbá àwo ọṣẹ wọn dànù wá kú, wọ́n yọ ọ́. Nígbà tó yá, ẹyọ orúkọ kan ṣoṣo ló kù lórí gbogbo tẹ̀sùbáà: "Ọlọ́run, O rí Bùráímọ̀. Má gbójú kúrò lára rẹ̀."

Mo ti jáde girama nígbà náà, mo rò pé mo gbọ́n. Mo ní kí wọ́n dárí jì í.

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Ṣé ó bẹ̀ mí?"

"Rárá, mà."

"Èmi á wá dárí ji ẹni tí kò bẹ̀bẹ̀? Ìyẹn kì í ṣe ìdáríjì, ọmọ mi. Ìgbàgbé ni. Orí mi sì ṣì pé."

Ohun tó ṣe nìyí. Nígbà tí bàbá àgbà mi kú, tí opó ìyá àgbà mi sì parí, àwọn àgbà ilé jókòó ní ilé wa tó wà ní Bẹẹrẹ, wọ́n ní Bùráímọ̀ ni yóò ṣú wọn lópó. Ó ti níyàwó méjì nílé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó fi aṣọ kan àti obì ránṣẹ́ sí wọn. Ìyá àgbà mi dá aṣọ padà, wọ́n dá obì padà, wọ́n sì ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀: "Ẹ sọ fún ọkọ mi kékeré pé ọkọ kan ni wọ́n fẹ́ fún mi. Mo ti lò ó tán."

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò kúrò lára Bùráímọ̀, kì í ṣe kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́. Fún oṣù mẹ́rin, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé tó kọjú sí títì, níbi tí ìkòkò aró wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ìkòkò aró jẹ́. Kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n máa ń ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kì í sì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Aró inú rẹ̀ a máa wà láàyè: ó ń hó, ó ń rùn, ó ń fẹ́ ìtọ́jú bí ọmọ ọwọ́. Nínú èyí tó tóbi jù, aró ìyá wọn ló wà níbẹ̀. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ewé ẹ̀lú tuntun kún un, kò gbẹ rí. Bí aró bá bàjẹ́, àwọn aláró kì í sọ pé ó bàjẹ́. Wọ́n á ní ó kú.

Bùráímọ̀ mọ gbogbo èyí. Abẹ́ òrùlé aláró ló dàgbà sí. Ó dúró títí di ọjọ́ tí ìyá àgbà mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìdí-Arẹrẹ. Kò gba lébìrà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé dígà. Ibà ló ń ṣe màmá mi lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi tẹ̀ lé ìyá wọn. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti wò ó. Ó fọ́ ìkòkò kìíní, ó sinmi, ó nu ojú. Ó fọ́ èkejì. Màmá mi ka gbogbo rẹ̀ pé méje. Aró ṣàn gba àárín ọgbà lọ sí gọ́tà, ẹsẹ̀ gbogbo adìyẹ ilé sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ó ṣe àṣìṣe kan. Ìkòkò omi eérú mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n ń kán lọ́wọ́. Kò fọ́ wọn. Lójú rẹ̀, eérú ni, pàǹtí ni. Ìyàwó rẹ̀ àgbà bi í bóyá kí àwọn dà á nù. Màmá mi gbọ́ èsì tó fọ̀: "Ẹ fi eérú yẹn sílẹ̀, kó lè rí nǹkan rù lọ sílé bàbá rẹ̀."

Ìyá àgbà mi dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ilẹ̀ títí. Wọ́n bi màmá mi bóyá wọ́n ti jẹun. Lẹ́yìn náà, wọ́n rìn lọ bá Bùráímọ̀ níbi tó jókòó sí, wọ́n kúnlẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bí sílé ṣáájú kó tó wọlé, ìbáà ṣe ọmọ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Wọ́n ní:

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ru ìkòkò omi eérú mẹ́ta náà láti Bẹẹrẹ lọ sí ilé bàbá wọn ní Bẹ́yẹrúnkà. Ìrìn mẹ́ta ni, ọ̀kan fún ìkòkò kan, nítorí pé bí ó bá dà, á bó wọn lára. Àwọn obìnrin ilé bàbá wọn kò ṣàánú wọn. Ilémoṣú ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn obìnrin tó kó ẹrù kúrò nílé ọkọ padà wá sílé bàbá. Bí wọ́n bá fẹ́ kó dùn wọ́n dáadáa, wọ́n á ní, "Aláró tí kò níkòkò, ẹ kú ilé."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyá àgbà mi jókòó ti omi eérú náà. Kò sí ìkòkò, kò sí ẹ̀lú, kò sí aró àtijọ́ tí wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ọjọ́ kẹrin ni àbúrò bàbá wọn obìnrin, tó ń ta àdín l'Ọ́jà'ba, ń ráhùn pé agbè àdín kan ti ń rùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní rà á mọ́. Ìyá àgbà mi gbé orí sókè. Wọ́n ní kí wọ́n má dà á nù.

Bí wọ́n ṣe fi omi tó yẹ kó rẹ aró àti àdín tó yẹ kó lọ sí ààtàn se ọṣẹ nìyẹn. Kò dára nígbà àkọ́kọ́. Kò dì, ó bó màmá mi ní apá, àpá náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ̀ẹ̀kejì, àdín léfòó sórí, kò pò mọ́ omi. Wọ́n bi àwọn àgbà léèrè, wọ́n mọ̀ pé eérú igi tó dára fún aró kò tó fún ọṣẹ, pé èèpo kòkó ló yẹ kí wọ́n sun. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dì. Màmá mi ní ìyá wọn kò kọrin bí wọ́n ṣe ń rò ó. Orúkọ ni wọ́n ń pè. Bí ọmọrogùn bá yí lẹ́ẹ̀kan, "Bùráímọ̀." Bó bá tún yí, "Bùráímọ̀." Nígbà tí mo dàgbà, mo bi wọ́n bóyá òótọ́ ni, wọ́n ní òótọ́ ni, kò sì tì wọ́n lójú.

"Ìbínú gbóná. Èèyàn lè fi se nǹkan."

Mo fẹ́ sọ ti èmi àti ọmọ mi àgbà, Hábíbà, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ìyá àgbà mi rò gan-an nípa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Télọ̀ ni mí, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ni mò ń rán. Láti ìgbà tí Hábíbà ti wà ní ọmọ ọdún márùn-ún ló ti ní òun fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, mo sì ti rán aṣọ funfun kékeré fún un. Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwé rẹ̀ ní máàkì rẹ̀ kò tó, kó kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, kó lọ sí áàtì. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, tíṣà rẹ̀ bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Hábíbà, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí kò ní ìdí." Mo délé, mo bá ọmọ náà níbi tó ti ń sunkún, mo sì tún ọ̀rọ̀ tíṣà sọ fún un: kó má sunkún, pé ó lè jẹ́ pé oore ni.

Ìyá àgbà mi wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Tíṣà rẹ̀ ni, mà."

"Òun ló gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, òun náà ló tún ń sọ pé oore ni. Má fi irọ́ tu ọmọ nínú. Kò dáa! Jẹ́ kó sunkún rẹ̀ tán." Wọ́n dúró títí ọmọ náà fi sunkún tán, ó sì pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é. "Hábíbà, wá. Kí ló kù lọ́wọ́ rẹ?"

Hábíbà fi apá nu imú. Ọmọ tó máa ń jiyàn ni. Kò sí ẹni tó lè bá a fa ọ̀rọ̀ nílé wa. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Ìyá Àgbà. Ẹnu nìkan ló kù."

"Ẹnu kẹ̀! Ṣé o rò pé ọwọ́ ni mo fi ta ọṣẹ?"

Hábíbà wà ní kíláàsì áàtì báyìí, òun ni ilé ìwé ń yàn bí wọ́n bá fẹ́ lọ bá ilé ìwé mìíràn jiyàn. Ó ní lọ́ọ̀yà lòun fẹ́ ṣe. Inú mi dùn. N kò tíì dárí ji tíṣà náà, torí kò tíì bẹ̀ mí. Bí ọmọ mi bá tún kọsẹ̀, mo ti mọ ohun tí n kò ní sọ, mo sì ti mọ ohun tí màá sọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà mi ṣe kọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà:

"Má sọ fún un pé ó dáa. Bi í pé kí ló kù."

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ìyá àgbà mi gbẹ̀san. Wọ́n gbẹ̀san. Nígbà tí ọṣẹ wọn ti lórúkọ, tí wọ́n lè jókòó síbi tó wù wọ́n ní gbogbo àárín ìlú, iwájú ṣọ́ọ̀bù Bùráímọ̀ ní Bẹẹrẹ ni wọ́n gbé àga wọn sí, ní òdìkejì títì. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Wọn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀, nǹkan wà níbẹ̀ láti wò. Ilẹ̀ tí aró àti omi eérú ti ń kán sí fún ogún ọdún kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́lé sí báyẹn. Ọ̀dà tí Bùráímọ̀ bá kùn sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á wú bí awọ tí iná jó, á bó sílẹ̀, àwọ̀ aró á sì yọ lábẹ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí dé ìbàdí èèyàn. Ó rẹ́ ẹ, ó tún un rẹ́. Lọ́dọọdún, kí ọdún Iléyá tó dé, ó ń kùn ún. Nígbà tí òjò bá fi máa rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, aró ti padà. Bó bá sì ti gbé bọ́ọ̀ṣì ọ̀dà jáde, ìyá àgbà mi á dìde lórí àga wọn, wọ́n á kúnlẹ̀ ní etí títì, wọ́n á ké tí gbogbo Bẹẹrẹ á gbọ́:

"Ọkọ mi, ẹ kú ọ̀dà o! Ẹ tún kú ọ̀dà o!"

Bí oníbàárà bá bi wọ́n pé kí ló ń ṣe ògiri yẹn, wọ́n á sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú iye ìkòkò. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n fi nǹkan sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí wọn nínú, torí ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. "Èmi ò fi nǹkan kan sí i," ni wọ́n máa ń wí. "Òun ló fún ilẹ̀ mu. Ilẹ̀ ń bì í."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bùráímọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó tún wá sọ ní ọjọ́ kẹjọ. Mo ti tó ọmọ ọdún méjìlá. Ìyàwó ọmọ Bùráímọ̀ bí ọkùnrin, ara ọmọ náà sú láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ìyá ilé sì ní ọṣẹ Àṣàkẹ́ nìkan ni àwọn máa fi wẹ̀ ẹ́. Wọ́n rán obìnrin kan wá ní kọ̀rọ̀. Ìyá àgbà mi ní, "Ọmọ yẹn kò fọ́ ìkòkò kankan. Màá fún un. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà rẹ̀ ni kó wá gbà á."

Ó wá. Ọ̀sán ganrínganrín ni. Ìyá àgbà mi kúnlẹ̀, wọ́n kí i ní ọkọ mi, wọ́n dìde, wọ́n sì dá oníbàárà mẹ́ta lóhùn kí wọ́n tó yíjú sí i. Òòrùn ń pa á. Ó fẹ́ fi ẹ̀rín bo ojú.

"Ìyàwó, wo ara rẹ," ló wí. "Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́. Ká ní mi ò lé ọ, ṣé o ò ní máa bá aró rírùn yẹn jà títí di òní? Ó yẹ kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni."

Ìyá àgbà mi bu ọṣẹ, wọ́n fi ewé dì í, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ méjèèjì.

"Ẹ fọ́ ìkòkò. Mo se ọṣẹ. Iṣẹ́ méjì ni. Ẹ má fi tèmi kún tiyín."

Ara ọmọ náà dá. Bùráímọ̀ kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n fi wà láàyè. Ó dúró de ìgbà tí wọn kò ní sí níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe dúró nígbà àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àdúà, nígbà tí àwọn ọmọ mi ti ilé ìwé dé, mo wọ̀ wọ́n láṣọ, mo kó wọn lọ sí Bẹẹrẹ. Bùráímọ̀ wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, òun nìkan, lórí àga onírọ̀gbọ̀kú. Mo kúnlẹ̀, àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí wa. Mo sọ fún un pé mò ń kọ ìwé nípa ìyá àgbà mi, àti pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò lẹ́nu rẹ̀.

"Kọ ọ́ o," ló wí. "Kọ ọ́ pé èmi ni mo fi ọ̀nà hàn án. Ọlọ́run ló lò mí."

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Ṣọ́ọ̀bù méjì ti wó nínú mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí mo bí kì í wá. Nínú gbogbo ohun tí mo fọwọ́ kàn láyé mi, ọṣẹ yẹn nìkan ló yọrí sí rere. Kí ló máa gbà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá fún mi ní díẹ̀ níbẹ̀?"

Màá sọ òótọ́: ó ṣe mí láàánú. Mo wo ọrùn rẹ̀ bó ṣe tín-ín-rín nínú aṣọ, mo sì ti fẹ́ sọ pé kò burú, Bàbá. Hábíbà ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ṣé Ọlọ́run náà ló ní kí ẹ dúró dè wọ́n títí wọ́n fi lọ síbi ìsọmọlórúkọ?"

Bùráímọ̀ wò ó. Ó wo èmi náà, bóyá màá bá ọmọ wí. N kò bá a wí. Ó yí orí ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, ó yí i padà.

"Rárá," ló wí. "Èmi ni. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ kí Àṣàkẹ́ jìyà."

Rúkáyà ń wo ewúrẹ́ kan tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Mo dì í léjìká mú, mo yí ojú rẹ̀ sínú ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un sọ," ni mo wí. "Èyí àbúrò ò gbọ́."

Ó tún un sọ.